Ọmọ Japan Tó Ń Yẹ̀ fún Àgbà

Ata ló mú wa mọra. Ní nǹkan bí ọdún 1995, nínú ilé àpátímẹ́ǹtì tí à ń gbé ní Adelphi nílẹ̀ Amẹ́ríkà, bí mo bá ti da ata sínú epo báyìí, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa wọ ilé onílé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Lọ́jọ́ kan tí mo ń fi ẹja gbígbẹ se ọbẹ̀, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Mo ti lejú, mo ti ń to Gẹ̀ẹ́sì tí mo máa fi jà. Àfi bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn tí mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin ará Japan tó ń gbé ní iwájú wa, tó ń sín, tí omi ń dà lójú rẹ̀. Ó tẹ orí ba, ó tẹ ẹ̀yìn náà ba, ó ní òórùn ẹja yẹn jọ ti ilé ìdáná ìyá òun. Ta ló máa bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà? Mo bu oúnjẹ fún un, ó sì di ọmọ ilé wa láti ọjọ́ náà.

Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ló bá wá sí Amẹ́ríkà, ó ń gbá a fún kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí kò jìnnà sí wa. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó ga bí ọ̀pẹ. Láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, òun ló kúrú jù. Bàbá rẹ̀ ní ilé ìránṣọ nílé, ó sì ti sọ fún un pé tó bá parí ẹ̀kọ́ tí kò sí ẹgbẹ́ tó gbà á, kó padà wá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ní Japan nígbà náà, àwọn iléeṣẹ́ ńlá ló ń ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tiwọn, ọ̀kan nínú wọn sì ti ṣèlérí láti rán ẹnì kan wá wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ayé rẹ̀ wà.

Ohun tó ń dà á láàmú ni pé ẹ̀kọ́ ilé tó ní ti pọ̀ jù fún eré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ọwọ́ rẹ̀ mọ ojú àwọ̀n, ṣùgbọ́n tí ẹni tó dojú kọ ọ́ bá ti jù ú lọ lọ́jọ́ orí, á yẹ̀ fún un. Mo máa ń wò ó láti fèrèsé lórí pápá ẹ̀yìn ilé wa: tí bàbá oníkùn kan bá gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, ọmọ yìí á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ kí bàbá ráyè wọ bọ́ọ̀sì. Kóòṣì rẹ̀ ti bínú, orí bẹ́ǹṣì ló ń fi í sí. Nígbà tó sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó ní àgbà òun ni wọ́n, pé ara òun ò kàn gbà á ni.

Ọkọ mi dìde. Ó wọ yàrá, ó gbé ọpọ́n ayò tó bá a ti Ìbàdàn wá jáde, ó gbé e kalẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, orí ọmọ náà sì pé, ó tètè mọ̀ ọ́n. Àmọ́ kò borí rí. Ní Sátidé kan, ọkọ mi rí i kedere pé ayò wà nílẹ̀ tó lè jẹ, tó mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ọpọ́n.

“Wait first! You left that one for me, àbí?”

“Sorry, sir. You are my elder.”

“Àgbà kẹ̀? Nídìí ayò? Ẹni tó bá dẹwọ́ fún mi, he is the one insulting me, ó ń sọ pé mo ti darúgbó. Nà mí dáadáa! Pè mí ní òpè! Tí a bá palẹ̀ mọ́ tán, then you can come and bow.”

Ìwọ náà kúkú mọ̀ bó ṣe ń rí nílé. Nídìí ayò, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n ń nà ni òpè, ọmọdé lè fi bàbá àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, kò sì ní sẹ́ni tó máa bínú. Ó pẹ́ kí ọmọ Japan tó lè sọ ọ́. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́, ó ti na ọkọ mi láìṣẹ́kù, ojú rẹ̀ pọ́n, ó wá rọra ní, “Òpè, sir.” Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Inú ẹni tí wọ́n nà dùn ju ti ẹni tó nà á lọ.

Ọjọ́ ìdíje pé. Ará iléeṣẹ́ Japan náà jókòó nísàlẹ̀, ó wọ kóòtù dúdú, kò rẹ́rìn-ín; nítorí rẹ̀ ni kóòṣì fi gbé ọmọ wa kúrò lórí bẹ́ǹṣì wá sórí pápá. Ẹni tó dojú kọ ọmọ wa nínú ẹgbẹ́ kejì ti ṣe sójà kó tó wá sí ilé ìwé, irùngbọ̀n kún ẹnu rẹ̀, ó dàgbà ju gbogbo wọn lọ. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ọmọ wa yẹ̀ fún un. Ni ọkọ mi bá fò dìde, ó ké tantan pé, “Òpè nìyẹn! Nà án!” Àwọn tó yí wa ká rò pé àdúrà ló ń gbà. Nígbà tí onírùngbọ̀n tún gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, ọmọ wa dúró gbọn-in, ó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sáré, ó jù ú sáwọ̀n. Ó tún ṣe é, ó tún ṣe é. Wọ́n ṣẹ́gun ẹgbẹ́ tiwa lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wo ẹlòmíràn. Bí wọ́n ṣe fọn fèrè tán, ó tọ onírùngbọ̀n lọ, ó tẹ̀ ba fún un, ìyẹn sì gbá a mọ́ra. Oníkóòtù dúdú ti dìde, ó ń bọ̀ lórí pápá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ló wá sọ fún wa pé wọ́n ti gba òun. Ọkọ mi ní, “Your daddy ńkọ́? Have you told him?” Kò tíì sọ, ẹ̀rù ń bà á. “Ó yá, pè é, now now.” Àárọ̀ ni lọ́dọ̀ tiwọn. Ó dúró ti fóònù wa ní pálọ̀, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na fóònù sí ọkọ mi: bàbá òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

Kí ni wọ́n fẹ́ bá ara wọn sọ? Ọkọ mi gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. “Ẹ kú oríire o, bàbá. Ọmọ yín kọ́gbọ́n. Ẹ ò ní fi ojú sunkún rẹ̀.” Mò ń gbọ́ ohùn lọ́hùn-ún tó ń dáhùn lédè Japan, tó ń gbọ̀n, ọkọ mi sì ń ṣe “Àmín, sà. Àmín” sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tó gbé e sílẹ̀, mo bi í pé kí ni ọkùnrin yẹn sọ. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, “Kí ni bàbá ọmọ máa ń sọ?”

Ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù fún iléeṣẹ́ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó di balógun wọn, ó wá di kóòṣì. Mo ti pẹ́ nílùú yìí débi tí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ohun tí a gbé wá látilé ni kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ọkọ mi fún ẹnì kan ní ọ̀kan nínú rẹ̀ láìdúró kí wọ́n béèrè, ọmọ ọlọ́mọ sì fi í di ẹni tó fẹ́ dà. Orí mi ṣì ń wú títí dòní.