Ẹ̀rín tí Mo Gbé Lọ Síbi Làálì

Òórùn ẹja gbígbẹ ló máa ń kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀ sí yàrá tí a ti ń kọ́ ijó ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí, nítorí pé òkè ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja ni yàrá náà wà. Tíṣà wa, obìnrin ará Íjíbítì kan tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, á wá tan tùràrí, òórùn méjèèjì á máa bá ara wọn jà títí a ó fi ṣe tán. Ijó àwọn Lárúbáwá ni, èyí tí wọ́n ń fi ikùn àti ìbàdí jó. Má wulẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí nítorí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí mò ń ṣe ní East Dulwich, ẹnì kan ló ní kí n lọ gbìyànjú ẹ̀ wò. Kí n tó mọ̀, mo ti ń jó ju àwọn tí mo bá níbẹ̀ lọ.

Ìwà ni tíṣà fi ń dà wá láàmú ju ijó lọ. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ jó fún àwọn Lárúbáwá, kó kọ́kọ́ mọ ìwà hù. Ká fi abáyà bo aṣọ ijó wa títí orin yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ká kọ́kọ́ kí àwọn àgbà obìnrin. Ká má jó sí orin tó bá pe orúkọ Ọlọ́run. Èyí tó máa ń tẹnu mọ́ jù ni pé ká mọ ohun tí orin ń wí, kí ojú wa sì máa wí i, torí pé àwọn tó ń wò wá gbọ́ èdè náà. Ó ní oníjó tó bá ń rẹ́rìn-ín sí orin ẹkún, onílé ló ń bú.

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ ijó yẹn ni ìyá mi kú nílé lọ́hùn-ún. Mi ò lè lọ sin ín, ìwé ìrìnnà mi wà lọ́dọ̀ ìjọba, wọn ò tíì dá a padà. Orí fóònù ni mo ti wo bí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń jó lẹ́yìn pósí. Gbogbo ẹni tó pè mí ló ń sọ pé kí n má sunkún, pé ìyá dàgbà, wọ́n jẹun ọmọ. Àwọn ará ìjọ wa aláṣọ funfun wá kọrin nílé mi, wọ́n ní ká dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ṣebí ẹ̀rín là á fi rín. Àmọ́ kì í ṣe pé inú mi bàjẹ́ tí mo wá ń bò ó mọ́ra o. Mi ò mọ nǹkan kan lára ni. Bí mo bá mu tíì gbígbóná, n kì í mọ̀ pé ó gbóná. Ẹ̀rín yẹn kàn jókòó sójú mi, mò ń gbé e wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, mò ń gbé e bọ̀.

Ìgbà náà ni tíṣà mú mi lọ jó níbi làálì ìyàwó kan, ìyẹn ayẹyẹ tí wọ́n ti ń lé làálì sọ́wọ́ ìyàwó kó tó relé ọkọ, ní gbọ̀ngàn kan nítòsí Surrey Quays. Ọ̀sán ni, obìnrin nìkan ló sì wà níbẹ̀. Ìyá ọmọ ìyàwó ti kú, ìyá ìyá rẹ̀ ló dúró bí ìyá fún un. Ọmọ náà ti bẹ̀ wá pé ká jó orin kan fún òun, orin ọmọbìnrin tó ń pe ìyá rẹ̀ kó wá bá òun lé làálì, tí ìyá ò sì dáhùn. Ó ní òun fẹ́ kí ìyá òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Tíṣà túmọ̀ orin náà fún mi látòkè délẹ̀, ó ní bí mo bá ba èyí jẹ́, ọjọ́ ọmọ aláìníyàá ni mo bà jẹ́ yẹn. Mo ní ó yé mi. Ó sì yé mi lóòótọ́.

Mo kí àwọn àgbà, mo bọ́ abáyà, orin bẹ̀rẹ̀. Ìbàdí mi ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ. Ojú mi ni mi ò rí nǹkan ṣe sí. Mo rí ọmọ ìyàwó tó na ọwọ́ tí wọ́n lé làálì sí síwájú, tó ń wò mí, tí ojú ẹ̀ ń yí padà. Mo rí tíṣà tó ń fi ìka fa ẹnu ara rẹ̀ wálẹ̀ kí n lè rí i. Mo gbìyànjú títí, ẹ̀rín ò lọ. Ni ìyá àgbà tó dúró bí ìyá fún un bá dìde, wọ́n ní kí wọ́n pa orin.

Wọ́n rìn wá bá mi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ tìbínú-tìbínú. Tíṣà ló ń túmọ̀.

“Wọ́n ní kí ló ṣe ẹ́ tó o fi ń rẹ́rìn-ín?”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyá mi ló kú,” ni mo wí. “Mi ò tíì sunkún. Mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé ẹ̀rín yìí kúrò lójú.”

Tíṣà gan-an ò gbọ́ nípa ẹ̀ rí. Ó túmọ̀ ẹ̀ fún wọn.

Ìyá àgbà ò dì mọ́ mi, wọn ò sì tù mí nínú. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fọwọ́ na aṣọ tó rún, títí ẹnu mi fi padà sí àyè ẹ̀. Wọ́n wá ní kí wọ́n tún gbé orin náà sí i. Mo fi ojú lásán, láìsí ẹ̀rín, jó o. Ọmọ ìyàwó sunkún, ó ń kọ orin náà tẹkún-tẹkún, àwọn obìnrin tó kù ń bá a gbè é. Èmi ò sunkún, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kàn ń ro mí ni, mo sì mọ̀ ọ́n lára. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ nǹkan kan lára gbẹ̀yìn.

Mi ò bínú sí àwọn tó ní kí n má sunkún. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tu ara wa nínú, èmi náà ti sọ ọ́ fún ẹlòmíì rí. Àmọ́ nínú gbogbo èèyàn tó wọlé wá kí mi nígbà yẹn, tí wọ́n kọrin, tí wọ́n gbàdúrà, àjèjì tó bínú sí mi yẹn nìkan ló bi mí pé kí ló ṣe mí.