Gárèèjì Tí A Tún Kọ́ Láì Tì Í

Pápákọ̀ òfurufú ni mo ti kọ́ iṣẹ́ mi. Ọdún mélòó kan ni mo fi wà lára àwọn tó ń mú ilé èrò ibẹ̀ gbòòrò. Bàálù ń balẹ̀, àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà ń tò pẹ̀lú ẹrù wọn, àwa náà sì ń wó ògiri lẹ́yìn pákó tí a fi bo iṣẹ́ wa lójú wọn. A kò ti ibẹ̀ pa rí. A ó kọ́ apá kan tán, a ó kó èrò lọ síbẹ̀, ká tó bọ́ sí apá kejì. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún gárèèjì kan kọ́ nílé wa ní Ṣakí, tí wọ́n ní kí n wá bá wọn ṣètò rẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ti pinnu kí n tó dé. Wọ́n fẹ́ wó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn awakọ̀ máa kó èrò lẹ́bàá títì títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, títì yẹn náà ni tírélà ń gbà. Ẹ jẹ́ ká pín iṣẹ́ náà sí mẹ́ta."

Alága wọn ní, "Tá a bá ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, ìgbà wo ni yóò parí?"

"Yóò pẹ́ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, sà. Ṣùgbọ́n kò ní sí ọjọ́ tí ẹni tó ń gbé iṣu bọ̀ láti Ogbooro ò ní ríbi sọ̀ sí."

Wọn ò gbà lọ́jọ́ náà. Mo padà lọ, mo tún padà lọ, títí wọ́n fi gbà.

Ètò náà kò le. Ilẹ̀ koríko kan wà lẹ́yìn gárèèjì. A ó kọ́ àtíbàbà onípáànù síbẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ Ogbooro, Ago-Amodu àti Ìwéré-Ilé. Bí wọ́n bá ti kó lọ, a ó wó ibi tí wọ́n fi sílẹ̀, a ó kọ́ gbọ̀ngàn tuntun síbẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ tó ń lọ ọ̀nà jíjìn. Ìgbà tí àwọn yẹn bá wọlé tán ni a ó tó fọwọ́ kan iwájú. Ṣùgbọ́n bí àwọn àkọ́kọ́ kò bá kó lọ, gbogbo rẹ̀ dúró nìyẹn.

Wọn ò sì fẹ́ lọ. Àtíbàbà parí, kátápílà dé, ọkọ̀ kankan ò mira. Mo lọ bá olórí àwọn awakọ̀, àgbàlagbà alájì kan tí kì í pariwo.

Ó ní, "Ọmọ mi, a ò bá ẹ jà. Èrò ni ò mọ ibẹ̀. Awakọ̀ tó bá kọ́kọ́ lọ, òun nìkan ni yóò jókòó síbẹ̀."

"Bàbá, ẹ fún mi ní ọkọ̀ kan ṣoṣo. Èmi ni n ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́."

Ó wá pe awakọ̀ Ogbooro kan. Ọkùnrin náà wakọ̀ lọ sẹ́yìn pẹ̀lú ojú kíkorò. Mo wọlé, mo jókòó.

A jókòó títí. Awakọ̀ náà yíjú sí mi. "Àǹtí, ṣé Ogbooro lẹ ń lọ lóòótọ́?"

"Mò ń lọ."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"N ó ra iṣu."

Ìyẹn pa á lẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí ó lọ kírun Àílà, mi ò sọ̀ kalẹ̀, kí ọkọ̀ má baà ṣófo. Ebi ń pa mí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bóyá òótọ́ ni bàbá sọ. Mo pinnu pé bí a ò bá lọ lónìí, n ó tún wá jókòó lọ́la.

Obìnrin kan tó pọn ọmọ ló kọ́kọ́ yà síbẹ̀. Oòrùn ló lé e wá. Ní ibi àtijọ́, ìta gbangba ni èrò ń dúró sí.

"Ṣé ọkọ̀ Ogbooro nìyí?" ló bi mí.

"Òun ni. Ẹ wọlé."

Ó wọlé, ó sì ń ju ọwọ́ sí àwọn tó ń kọjá. Àwọn ọkùnrin méjì gbé àpò àgbàdo wá, àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn. Kí wọ́n tó pe ìrun Àláásárì, ọkọ̀ kún, a gbéra. Mo ra iṣu ní Ogbooro lóòótọ́.

Nígbà tí a padà dé, ọkọ̀ Ìwéré-Ilé méjì ti wà lábẹ́ páànù, wọ́n ń pe èrò. Alájì dúró tì wọ́n. Ó ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kù ń bọ̀ lọ́la." Wọ́n dé lóòótọ́, kátápílà sì wọ ibi àtijọ́.

Apá kejì fún wa ní wàhálà. Símẹ́ńtì pẹ́, òjò dí wa lọ́wọ́, ìgbìmọ̀ sì tún ní ká kúkú ti iwájú pa kí iṣẹ́ lè yá. Mo kọ̀. Mo ní bí wọ́n bá tì í, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Wọn ò tì í. A parí gbọ̀ngàn náà, àwọn ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn wọlé, a sì bọ́ sí iwájú.

Ní ọjọ́ tí a ó ṣí apá kẹta, mo tètè dé láàárọ̀. Mo ti múra láti bẹ àwọn awakọ̀ kí wọ́n kó wá síbẹ̀, kí n sì tún jókòó sínú ọkọ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Àṣé wọ́n ti kó ara wọn wọlé láti ìgbà tí wọ́n kírun Àsùbáà tán. Ọkọ̀ tò lọ bẹẹrẹ, ọ̀kan tilẹ̀ ti ń jáde lọ. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Mo dúró díẹ̀, inú mi dùn, ó sì ń ṣe mí bákan pé wọn ò nílò mi mọ́. Mo wá ọ̀kadà, mo lọ sílé lọ sùn.