Táyà fún Ọ̀nà Egan

Ìdúró ló pa táyà jíìpù Ọláfimíhàn, kì í ṣe ìrìn. Ìyá Zikrullah tó ń ta táyà ní Ìdímù ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó fi èékánná ha ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tó ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀.

"Eyín ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ o, Bàbá. Oòrùn ló jẹ ẹ́. Ṣé ẹ kì í gbé ọkọ̀ yìí jáde ni, àbí ọ̀ṣọ́ ilé lẹ fi ṣe?"

"Mò ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ṣọ́ọ̀ṣì ibo?"

"Ó wà lẹ́yìn ilé."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ọláfimíhàn náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Èkìtì tó kọ́lé sí Egan nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Ọmọ mẹ́rin ló wà nílé nígbà tó ra jíìpù yìí. Wọ́n ti lọ tán. Ọdún kẹta rèé tí Agnes, ìyàwó rẹ̀, ti lọ bá Olúwaṣìkẹ́mi, àkọ́bí wọn, tọ́jú ọmọ tuntun ní Kánádà. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n jọ sọ. Nígbà tí wọ́n bí Ṣìkẹ́mi fúnra rẹ̀, ìyá Ọláfimíhàn wá láti Èkìtì, ó wẹ ọmọ fún ogójì ọjọ́, ó sì padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ọláfimíhàn rò pé bí ìyá tó lọ wẹ ọmọ ṣe ń lọ tó sì ń bọ̀ nìyẹn, ibi yòówù kó lọ.

Lóṣù tó kọjá, Agnes sọ lórí fóònù pé òun ń bọ̀ kí oṣù kẹjọ tó tán. "Ṣùgbọ́n mi ò ní fẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ Egan o," ó fi kún un. Bí òjò bá rọ̀, etí títì ni ọkọ̀ ń já èèyàn sí, kálukú á bọ́ bàtà dání. Ìdí nìyí tí Ọláfimíhàn fi wá táyà wá: èyí tó máa gbé ìyàwó rẹ̀ láti pápákọ̀ òfuurufú dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Ìyá Zikrullah yí méjì jáde. "Eléyìí, ti títì ọlọ́dà ni. Ó rọ̀, kì í pariwo. Bó bá wọ ẹrẹ̀, ẹ máa wá ẹni tó máa tì yín. Èyí tí eyín ẹ̀ tóbi yìí, ẹrẹ̀ loúnjẹ ẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí títì, á máa hó létí yín bí ẹ̀rọ ìlọta, á sì máa mu epo. Èwo la fẹ́ gbé?"

Ó pe Agnes. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń yan nǹkan, títí kan ìṣó tí wọ́n fi kan òrùlé. Ó kọjú fóònù sí táyà eléyín náà.

"Wò ó, Ìyá Ṣìkẹ́mi. Èyí ni mo máa fi gbé ọ."

Agnes yíjú sẹ́yìn. Ọmọdé kan ń sọ èèbó lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Ṣìkẹ́mi, ẹ ra èyí tó bá tẹ́ yín lọ́rùn."

"Ìwọ ni mò ń bi."

"Ọmọ yín tún ti lóyún. Oṣù kẹwàá ló máa bí. Mo fẹ́ dúró di ọjọ́ Ìsinmi kí n tó sọ ọ́ fún yín dáadáa."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ó ní.

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

Kò tíì jẹun. Ìyá Zikrullah ti kẹ̀yìn sí i, ó ń to táyà tó ti wà létò tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé ti ọ̀dà, Bàbá. Ó máa tó yín."

Ọláfimíhàn wo táyà méjèèjì. Lójò èṣí, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi jáde ní géètì. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹnì kan ṣi nọ́ńbà pè é, ó ń béèrè Gideon. Ó pẹ́ tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ kí Ọláfimíhàn tó sọ fún un pé òun kọ́.

"Ti ẹrẹ̀ ni kí ẹ gbé."

"Ta lẹ fẹ́ lọ gbé?"

"Kò sí. Èmi ni mo fẹ́ máa jáde."

Obìnrin náà de táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọkọ̀, ó fa rọ́bà afẹ́fẹ́ wá fúnra rẹ̀.

"Èèyàn mélòó ló máa ń wà nínú ẹ̀, kí n mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe máa tó?"

Ọláfimíhàn wo inú ọkọ̀, ó wo ìjókòó ẹ̀yìn lọ títí.

"Ẹnì kan," ó ní.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dín afẹ́fẹ́ táyà kù.