Orúnkún Tí Kò Gbọdọ̀ Kúnlẹ̀

Fìrdáúsì, ọmọ ọmọ mi ní Òkèlele, kì í jókòó mọ ìkòkò. Á bẹ̀rẹ̀ ni, á máa yí ìkòkò po bí alálàájì tó ń ṣe tàwáfù yí Kááбà ká ní Mẹ́kà. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ dìde lọ́jọ́ kan, ó yíra padà, orúnkún ọ̀tún dún gbàù! Wọ́n gbọ́ ọ ní Challenge. Ìyàwó mi ní irọ́ ni, pé àwa ará ilé nìkan la gbọ́ ọ.

Ẹsẹ̀ wú, kò ṣeé nà. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ lọ́sibítù. Dókítà Bámidélé, oníṣẹ́ abẹ eegun, ní kèrékèré ló ya, ìyẹn ohun bíi rọ́bà tó wà láàárín eegun itan àti ti ojúgun.

“A lè gé ibi tó ya dànù,” ló wí. “Ẹ ó tètè rìn, àmọ́ tó bá dọjọ́ alẹ́, eegun á máa lọ eegun. A sì lè rán an, torí etí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń dé ló ti ya. Ìyẹn máa ń pẹ́ kó tó jinná. Tẹ́ ẹ bá kúnlẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ lóṣòó kí n tó yọ̀ǹda, okùn tá a fi rán an lè já.”

“Ṣé màá tún lè mọ ìkòkò?”

“Tó bá jinná dáadáa.”

“Ẹ rán an.”

Ihò kéékèèké ni wọ́n gbà wọlé, pẹ̀lú kámẹ́rà tín-ín-rín. Ọgọ́rùn-ún dókítà ló yí i ká. Ẹ má bi ìyàwó mi.

Wọ́n fi irin de ẹsẹ̀ náà gbọnrangandan. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó jókòó sórí àga, ó tú irin láti ṣe àlùwàlá. Bí ìyá ọkọ rẹ̀, Àlájà Hadiza, ṣe wọlé nìyẹn, tòun ti igbá fúrá mímu lọ́wọ́.

“Àsàlámù àlékúmù!”

Kí n tó lanu, orúnkún Fìrdáúsì méjèèjì ti wà nílẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀ mà.”

“Yéè! Dìde! Ta ló ní kó o kí mi?”

“Àlájà, mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é.” Ó yíjú sí mi. “Bàbá, ó ti já. Ìkòkò mi ti tán.”

Màrúwá ló gbé wa padà sọ́sibítù. Èmi tí irọ́ kì í wọ́n lẹ́nu mi, mi ò rí ẹyọ kan pa.

Dókítà tẹ orúnkún, ó rọra ká a, ó tún ya àwòrán. 

“Okùn ṣì dì í mú. Àmọ́ títí màá fi tú irin yìí, àgbàlagbà kankan ò gbọdọ̀ yọ sí i lójijì. Ẹ̀yin náà, Bàbá.”

Ojú fèrèsé ni mo ti ń kí i báyìí. Bí bàtà bá sì dún lẹ́nu ọ̀nà, màá figbe ta: “Fìrdáúsì, jókòó! Àgbà kan ń bọ̀!”