Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Jẹ́rìí Nípa Fóòmù Mi

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rí mi nínú agbádá tẹ́ ẹ ń dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní kékeré, atọ̀ọ́lé paraku ni mí. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, mo ń dúró. Mi ò tiẹ̀ wá kéré tó bẹ́ẹ̀ o! Mo ti wọ sẹ́kọ́ńdírì, mo ti ń ya irun mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì ń tọ̀ọ́lé.

Ìkòròdú là ń gbé, lẹ́yìn ibùdókọ̀ Agric, láyé ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Bàbá mi a ti gba ọ̀nà ibi iṣẹ́ lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà èmi àti ìyá mi la jọ ń pa àṣírí fóòmù tí mò ń sùn lé mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fóòmù kọ́ ló ń pa mí, ẹ̀rù ni. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ni àyà mi á ti máa já. Gbogbo ayé ń dúpẹ́ pé àwọn jí. Èmi ń bẹ̀rù pé màá jí.

Ìyá mi gbààwẹ̀, ó gbàdúrà. Ọ̀sẹ̀ kan wá kọjá tí fóòmù ò tutù. Ẹ sì mọ̀ pé lọ́dọ̀ àwa ọmọ ìjọ, oore tí a ò bá jẹ́rìí sí, wọ́n ní èṣù lè jí i gbé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ní kí ẹlẹ́rìí jáde. Ìyá mi gbá ọwọ́ mi mú, ó di iwájú.

"Ẹ yin Olúwa! Ọmọ mi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, gbọ̀ngbọ̀nràn báyìí, ó ń tọ̀ọ́lé! Bí ọmọ ọwọ́! Ṣùgbọ́n Ọlọ́run wa ti sé e!"

Ìjọ hó yèè. Láàárín àwọn akọrin, ọmọbìnrin kan wà tá a jọ ń gbé àdúgbò, tá a tún jọ wà ní kíláàsì kan. Ó fi ìwé orin bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wá ihò tí mo máa kó sí nínú ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì yẹn, mi ò rí.

Mo sá jáde lọ sétí omi Ìpakodò, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà mi bá mi, ìyá tó bí ìyá mi, ọmọ apẹja láti Ejìnrìn, tó wá kí wa.

"Ọkọ mi, ṣé ẹkún náà ò tíì tán ni?"

"Màmá, tí mo bá tún tọ̀ọ́lé ńkọ́?"

"Wàá tún tọ̀ọ́lé náà ni. Ta ló ń purọ́ fún ẹ?" Ó jókòó tì mí. "Ṣé o mọ ìtàn Jésù tó sùn nínú ọkọ̀ tí ìjì ń jà? Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ọkọ̀, jẹ́ n sọ èyí tí wọn ò sọ fún ẹ. Bí ìgbì bá ti ń bọ́ sínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tára ẹ̀ ń gbẹ níbẹ̀. Omi ti rin Olúwa gbindin, ó sì ń sùn. Ara ló tutù, ọkàn ò mì. Oorun yẹn ni kó o tọrọ. Fi fóòmù sílẹ̀."

A gbàdúrà níbẹ̀, a ò pariwo. Àrá ò sán, mi ò rí ìran. Nǹkan kan ṣáá tú láyà mi. Ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn bá mi la ìgbà àìríṣẹ́ kọjá, ó bá mi sin ìyá mi, kò tíì fi mí sílẹ̀ dòní.

Ayé ti yí padà o. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lónìí, dókítà lẹ máa gbé e lọ bá, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rí yín ò ní mọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Orí fóònù lẹ máa gbé e sí, kí ará Amẹ́ríkà náà lè mọ̀ pé ọmọ yín ń tọ̀ọ́lé. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ṣùgbọ́n mo káàánú ọmọ yín jù.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ẹ̀rí ìyá mi mọ́. Fóòmù rin gbindin. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń retí kí àyà mi já. Kò já. Mo gbé fóòmù jáde síwájú ilé, níbi tí oòrùn wà. Ta ló ń kọjá lọ pẹ̀lú báàgì ilé-ìwé? Akọrin wa. Ó wo fóòmù, ó wò mí.

"Ìwọ kọ́ ni wọ́n jẹ́rìí ẹ lánàá ni?"

Etí mi gbóná. "Èmi náà ni," ni mo wí. "Dúró dè mí, jẹ́ n lọ wẹ̀, ká jọ máa lọ síléèwé."