Ọwọ́ Tó Kún Kì í Sálúùtù

Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìtajà ńlá kan ní Bronx, nítorí náà wọ́n ń sanwó fún mi láti máa fura. Bí mo bá délé, n kì í rántí bọ́ ìfura sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Ìyàwó mi ní bí òun bá sín, màá fẹ́ mọ ẹni tó rán òun. Àwọn àgbà ṣáà ní ìfura loògùn àgbà, oògùn yẹn ni mo sì ń lò lọ́jọ́ tí Màámi sọ fún mi pé àwọn ti rí ẹni tí àwọn fẹ́ fẹ́.

Ọ̀dọ̀ wa ní Parkchester ni Màámi ń gbé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Williamsbridge ni bàbá tí wọ́n ń sọ yìí ń gbé, ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú. Ó ní sójà ni òun ní Nàìjíríà, pé sájẹ́ǹtì ni òun kí òun tó fẹ̀yìn tì. Ó dàgbà tó ẹni tó yẹ kí n máa pè ní "wọ́n", ṣùgbọ́n ìfura kì í jẹ́ kí ẹnu mi gbọ́ràn. Opó ni Màámi, wọ́n sì ti di ọmọ Amẹ́ríkà, mo mọ ohun tí àwọn ọkùnrin kan lè torí ìwé ìlú yìí ṣe. Èmi ni àkọ́bí wọn. Wọ́n ní àwọn ò ní fẹ́ ẹ bí mi ò bá lọ́wọ́ sí i. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di ẹrù mi nìyẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tó kọ mí lóminú ni ọwọ́ òsì. Nígbà tó kọ́kọ́ wá kí wa, ọwọ́ òsì ló fi gbé ọsàn tó rà fún Màámi, ọwọ́ òsì náà ló sì fẹ́ fi nà án sí wọn kó tó rántí pààrọ̀ ọwọ́. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni? Mo bi í nípa bárékè tó gbé, ó dá mi lóhùn ní ṣókí. Ìdáhùn tó bá ti kúrú jù máa ń fu mí lára. Èyí tó bá gùn jù náà ń fu mí lára.

Mo bá dẹ pàkúté. Àgbà ìjọ kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó jẹ́ méjọ̀ nínú iṣẹ́ ológun kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ẹni tó ti ṣe sójà rí nínú ìjọ ló máa ń sálúùtù fún wọn, ìbáà jẹ́ agbádá ni wọ́n wọ̀, ìbáà jẹ́ yìnyín ló ń rọ̀. Mo ní kí Màámi pe bàbá náà wá bá wa jọ́sìn lọ́jọ́ Ìsinmi. Inú wọn dùn, wọ́n rò pé ọkàn mi ti ń rọ̀. Wọ́n tiẹ̀ ti júwe Méjọ̀ fún un kó tó dé.

Màámi ló se oúnjẹ fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a parí, bàbá náà gbé kúlà lọ́wọ́ kan, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n dì sínú báàgì lọ́wọ́ kejì, ó tún fi pọ́ọ̀sì Màámi kọ́ apá. Èmi ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni Méjọ̀ ń gòkè bọ̀.

 Lójú tèmi, bó bá jẹ́ sójà gidi, ṣe ló yẹ kó gbé ẹrù sílẹ̀ kíá kó gbé ọwọ́ sókè. Kò gbé nǹkan kan sílẹ̀. Ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó nàró ṣánṣán, ó kọjú sí Méjọ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, sà." Méjọ̀ dá a lóhùn, bàbá náà sì gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Mo ní ọwọ́ pálábá rẹ̀ ti ségi. Inú mi dùn, kí n má purọ́.

Mo sáré padà lọ bá Méjọ̀, mo ní ẹni yẹn ń pe ara rẹ̀ ní sójà, kò sì sálúùtù fún wọn. Wọ́n ní:

"Ẹni tí kì í ṣe sójà ni ìbá ju kúlà sílẹ̀. Bí ọwọ́ méjèèjì bá kún, a kì í sálúùtù. Èèyàn á nàró, á kọjú sí ọ̀gá, á fi ẹnu kí i. Ohun tó ṣe gan-an nìyẹn."

Mo bi wọ́n nípa ọwọ́ òsì. Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n bá ti ń kọ́ sójà níṣẹ́ ni wọ́n ti ń sọ fún un pé ọwọ́ òsì ni kó máa fi gbé ẹrù, kí ọ̀tún lè ráyè sálúùtù. Wọ́n ní títí di òní, ìyàwó àwọn ṣì ń bá àwọn jà lórí rẹ̀.

Ìfura kì í kú bọ̀rọ̀. Kí n tó dé ìdí mọ́tò, bàbá náà ti kó ẹrù sínú bùùtù, ó ti dágbére, ó ti lọ dúró de bọ́ọ̀sì. Bí mo ṣe ń wa mọ́tò lọ, mò ń rò ó pé ó dáa, sójà ni. Ṣé sójà kì í tan èèyàn jẹ ni? Síbẹ̀, mo sọ fún Màámi pé mo ti wádìí, pé òótọ́ ni bàbá náà sọ. Wọ́n ní kí ni mo wádìí, mo bá ro ọ̀rọ̀ náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, mo rò pé wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Iná pupa dá wa dúró.

"Mi ò bi ọ́ bóyá sójà ni," ni wọ́n wí. "Bàbá rẹ fẹ́ràn mi, mi ò ní parọ́ mọ́ òkú. Ṣùgbọ́n títí wọ́n fi lọ, èmi ni mo máa ń gbé ẹrù, wọ́n á máa lọ níwájú. Ìwọ náà wà lẹ́yìn wa lónìí, ò ń ṣọ́ ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Kí ni ìwọ gbé?"

Ojú tì mí. Láti orí àtẹ̀gùn títí dé ìdí mọ́tò, inú àpò kóòtù ni ọwọ́ mi méjèèjì wà.

Iná ti ní kí a máa lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn ń tẹ họ́ọ̀nù mọ́ mi. Mo bi Màámi bóyá bọ́ọ̀sì á ti gbé e. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì kì í tètè dé lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo yí mọ́tò padà.

Bàbá náà ṣì wà níbẹ̀, ó ká kọ́là kóòtù rẹ̀ sókè nítorí òtútù. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn fún wọn.

"Ẹ wọlé, sà," ni mo wí. "A jọ ń lọ sílé ni."