Bàbá Ọ̀kọ̀ọ̀kan àti Kòkòrò Mẹ́fà

Ọjọ́ tí ọlọ́jà gbé páálí èròjà tuntun fún PCR, àyẹ̀wò tó ń wá àmì kòkòrò àrùn nínú omi ara, wọ yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, tó ní ó lè wá kòkòrò àrùn mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà nínú ike kan ṣoṣo, Bàbá Ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá ibẹ̀ tó máa ń wá kòkòrò lọ́kọ̀ọ̀kan, yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ ra bàtà.

"Mẹ́fà kẹ̀? Méjì ló ń yọ wá lẹ́nu níbí. Ẹ yọ mẹ́rin kúrò, kí ẹ sì yọ owó wọn."

"Bàbá, kò ṣeé yọ. Wọ́n ti pò ó pọ̀ ni."

"Ta ló ní kí wọ́n pò ó? Ẹ lọ tú u."

Igbákejì rẹ̀ obìnrin sá lọ sídìí fíríìjì lọ rẹ́rìn-ín.

Bàbá kò kúkú jẹ̀bi. Pẹ̀lú owó tí wọ́n ń rí gbà lọ́dún, èròjà mẹ́fà-lẹ́ẹ̀kan á tán lóṣù kẹrin; èyí tó ń wá kòkòrò kan péré á gbé wọn dé ìparí ọdún. Tí èròjà bá sì tán, ṣe ni wọn yóò kàn máa méfò oògùn fún àwọn ọmọ tó ń wúkọ́. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà á gan-an. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pe dókítà láago.

"Dókítà, èwo lẹ fura sí jù?"

"Bàbá, gbogbo wọn ni."

"Gbogbo wọn kì í ṣe orúkọ àrùn, Dókítà."

Ó wá di ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọmọbìnrin kékeré kan dé, kò lè mí dáadáa. Bàbá wá kòkòrò kìíní, kò sí. Ó wá ìkejì, ó wá ìkẹta, òfo. Omi imú tí wọ́n gbà lára ọmọ náà ti kù bíńtín, kò lè tó fún àyẹ̀wò mẹ́ta mìíràn. Bàbá lọ mú páálí kékeré èròjà mẹ́fà-lẹ́ẹ̀kan tí ọlọ́jà fi sílẹ̀ fún ìdánwò, èyí tó ti ní òun ò ní fọwọ́ kàn láéláé. Kòkòrò méjì tí kò tíì wá ló jáde pọ̀.

"Mo jẹ̀bi," ló wí, bó ṣe ń kọ èsì náà kíákíá. "Àmọ́ méjì péré ló jáde. Mẹ́rin yòókù kàn wá ṣeré ni."

Dókítà fún ọmọ náà ní oògùn tó yẹ, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń fi ti mẹ́fà wò. Ẹni tó bá rìn wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Oṣù kejì lẹ́yìn ikú Bàbá, ọlọ́jà tún dé. Igbákejì ti di ọ̀gá. Ó gba páálí, ó yí i síwá sẹ́yìn, kò sì mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé: "Ẹ yọ mẹ́rin kúrò."

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín títí tó fi ń nu ojú. "Màdáámù, kò ṣeé yọ."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà bá mi jiyàn díẹ̀ ná. Ibí ti dákẹ́ jù látìgbà tí Bàbá ti lọ."